Bureua Dákẹ́ Lórí Igi Àgbọn

Ẹnu ayé ò ṣeé tẹ́ lọ́rùn. Nígbà tí Bureua ń kọrin lórí àgbọn, wọ́n ní ó ń di àwọn létí. Nígbà tó dákẹ́, wọ́n ní olójúkòkòrò ni, pé ó ń yọjú wo obìnrin tó ń wẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ yìí, ẹ bá wa bi àwọn ará abúlé yìí: èwo ni kí ọkùnrin náà ṣe? A ti bi wọ́n títí, wọn ò dá wa lóhùn. Ó yá, a ó sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kó má lọ di pé ẹni tó pariwo jù ló ni ìtàn.

Adẹ́mu ni Bureua, ọmọ erékùṣù Nonouti níbí, láàárín agbami òkun. Ọkùnrin kúkúrú ni, àyà rẹ̀ gbòòrò, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti yi bí awọ bàtà nítorí igi gígùn. Kò wọ ọkọ̀ òkun bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò lọ já èso ní Ọsirélíà. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á fi ọ̀bẹ há ìbàdí, á gun àgbọn lọ, á bẹ́ ṣóńṣó òdòdó tí kò tíì là ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á tún un dì, á sì so ìgò mọ́ ọn kí ẹmu máa kán sí i. Iṣẹ́ tí kò mọ àìsàn, tí kò mọ ọdún Kérésìmesì nìyẹn. Tí èèyàn bá fo ìgbà kan, ojú ọgbẹ́ á gbẹ, igi á sì bá a ṣọ̀tá. Ẹmu tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tó ń pa èèyàn o. Ẹmu àárọ̀ tó dùn bí oyin ni. Òun la fi ń tọ́ ọmọ, òun sì ni abiyamọ ń mu kí ọmú rẹ̀ lè kún.

Nílẹ̀ wa, adẹ́mu kì í dákẹ́ lórí igi. Ilé ìwẹ̀ wa ò lórùlé, imọ̀ àgbọn la hun yí i ká, ẹni tó bá sì wà lókè, kò sóhun tí kò ní rí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gun igi fi gbọ́dọ̀ máa kọrin láti ìdí igi títí tó fi máa sọ̀kalẹ̀, kí obìnrin tó wà lẹ́bàá kànga lè mọ̀ pé ojú ń bẹ lókè, kó fa aṣọ bora. Ìyàwó adẹ́mu náà a máa tẹ́tí sí i. Bí orin bá ṣì ń lọ, ọkọ òun ò tíì já bọ́ nìyẹn.

Ohùn Bureua, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́, kò dára. Bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń dì lókùn ló ń dún. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò mọ̀, tàbí kó mọ̀ kó má bìkítà. Á la ẹnu gbàgà bí ẹni pé bíṣọ́ọ̀bù ló bẹ̀ ẹ́ kó wá kọrin. Orin tó fi fẹ́ Teretia ìyàwó rẹ̀ láyé ọjọ́sí ló ṣì ń kọ:

Teretia o, gbé ìkòkò kaná,
Mo ti dókè, mo ń wò ọ́.
Òkun lọ́tùn-ún, ọ̀sà lósì,
Ìwọ nìkan ni mo rí láàárín.

Botika, obìnrin tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, tí àwọn àgbọn mẹ́ta tó dáa jù nínú ti Bureua sì na ọrùn sórí ilé ìwẹ̀ rẹ̀, ló máa ń sọ pé lọ́jọ́ àjíǹde, kí wọ́n má wulẹ̀ fọn fèrè, kí wọ́n ní kí Bureua húkọ́ lásán, òkú á jí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Botika yìí sọ́kàn. Ẹnu kan náà ló tún fi sọ òdìkejì.

Rakera nìkan lọmọ tí Bureua bí. Ọkọ Rakera wà lórí ọkọ̀ akẹ́rù, kò sí ẹni tó mọ èbúté tó wà. Nítorí náà, nígbà tí Rakera lóyún, ilé bàbá rẹ̀ ló wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ooru ń mú un, orí pẹpẹ ìta lábẹ́ àgbọn ló sì ń dùbúlẹ̀ sí láti àárọ̀ dalẹ́. Ìgbà tó kù díẹ̀, nọ́ọ̀sì abúlé ní ọmọ náà dábùú, ó ní kó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bímọ ní Tarawa, erékùṣù tí olú-ìlú wà. Ó lọ, ó bí obìnrin, ó gbé e bọ̀. Itinnang lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ lórí ẹní, Teretia wò ó títí, ó ní irú ẹja tó kéré báyìí, inú omi làwọn máa ń jù ú padà sí. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú.

Ọmọ náà ò sinmi. Á mu ọmú lẹ́ẹ̀mejì, á yí orí kúrò, á bú sẹ́kún. Tí oorun bá gbé e, bí ìgbà tí ẹyẹ bà sórí okùn ni, kò ní pẹ́ fò. Nọ́ọ̀sì gbé e sórí ìwọ̀n, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà bí ẹni tí kò gba ìwọ̀n gbọ́. Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún wọn. Ó ní àìsàn ò sí lára rẹ̀, àìsanra ló wà. Ó ní kí Rakera máa mu ẹmu dáadáa kí ọmú lè wá, kí wọ́n sì jẹ́ kọ́mọ náà rí oorun sùn, nítorí ọmọ tí kò sùn kì í mu, ọmọ tí kò mu kì í dàgbà. Tí ọkọ̀ ojú omi bá fi máa padà dé tí ìwọ̀n ò gòkè, àfi kí wọ́n gbé e padà sí ilé ìwòsàn ńlá ní Tarawa.

Nínú gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, ẹyọ kan ni Bureua gbé relé: kí ọmọ rí oorun sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pọ́n ọ̀bẹ, ó dé ìdí igi, ó la ẹnu láti kọrin. Ó wá rí Itinnang lórí pẹpẹ, ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa dé lẹ́yìn ẹkún. Bureua fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ó gun igi náà láìfọhùn, bí ẹni tó ń lọ jalè nínú ilé ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé igi náà ga ju ti àná lọ lọ́jọ́ yẹn.

Teretia bi í pé ṣé ara rẹ̀ yá. Ó ní ọmọ ń sùn ni.

"Ó kúkú ti jí, Bàbá Rakera."

"Ó lè tún sùn."

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ọkùnrin tí gbogbo etíkun mọ ohùn rẹ̀ wá ń gun igi bí alángbá. Ọmọ náà ò kúkú sùn. Bí Bureua bá wà lókè, á máa yọjú wo pẹpẹ láti mọ̀ bóyá ọwọ́ kékeré yẹn ti dẹ̀, ṣùgbọ́n ṣe lọwọ́ náà ń já afẹ́fẹ́ káàkiri. Á bẹ́ òdòdó, á so ìgò, á tún yọjú.

Ibi tó ti ń yọjú yìí ló ti rí ìjàngbọ̀n. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Botika ń wẹ̀. Ó da omi lórí, ó nu ojú, ó gbójú sókè, ó sì rí Bureua lórí igi gangan, ó dì mọ́ imọ̀, ẹnu rẹ̀ pa dé, ọrùn rẹ̀ nà sísàlẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ náà ni pẹpẹ tí ọmọ wà. Ọmọ ni Bureua ń wò. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Botika ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ró aṣọ, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé àkọ́kọ́ létí ọ̀sà, ó sì rí i pé kò fo ilé kankan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìtàn náà ti dàgbà, ó ti ń hu irùngbọ̀n: wọ́n ní ọjọ́ pẹ́ tí Bureua ti ń ṣe é, wọ́n ní ìdí tó fi dákẹ́ nìyẹn.

Àwọn ọkùnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní kó wá bá àwọn wá ẹja, nítorí ojú rẹ̀ ń ríran jìnnà. Ó kọjá lọ. Ìgbà tó délé, Teretia ti gbọ́. Ó ń ha àgbọn, kò gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ rí lára Botika tí ẹ ò tíì rí lára mi?"

"Ìyá Rakera, ìwọ náà?"

"Mo ń bèèrè ni. Tó bá jẹ́ pé nǹkan tuntun ti dé, kí n lọ wá tèmi wá."

Bó ṣe rí ojú ọkọ rẹ̀ ló ju àgbọn sílẹ̀, tó ní òun mọ̀, òun mọ̀, kó wá jẹun. Bureua ò jẹun.

Wọ́n pè é sí maneaba, ilé ńlá tí àwọn àgbà ti ń dájọ́, níbi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ní òpó tirẹ̀ tó ń jókòó tì. Ó jókòó sídìí òpó bàbá rẹ̀. Botika rojọ́, ó rò ó dáadáa, omijé wà níbẹ̀. Ìgbà tó kan Bureua, ọkùnrin tó lè fi ohùn gba gbogbo abúlé kan wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu.

"Ọmọ-ọmọ mi ni mo ń dákẹ́ fún," ó ní. "Kó lè sùn."

Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó lẹ́yìn dá a lóhùn. "Ọmọ-ọmọ yín ló wá ń wẹ̀ nílé Botika?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín yẹn ni kò tíì kúrò nínú wa títí dòní. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó dìde kó ní ẹ jẹ́ ká rìn débẹ̀, ká gun igi náà, ká wo ibi tójú ti ń rí ibo. Ìrìn yẹn ò tó kí tábà tán lẹ́nu. Bàbá Tawita tí ipò rẹ̀ ga jù nínú wọn nu ẹnu, ó sì dájọ́: ẹni tó bá wà lórí igi gbọ́dọ̀ kọrin, bí wọ́n ṣe bá ilẹ̀ nìyẹn. Tí Bureua ò bá ní kọrin, kó fi àgbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lórí ọgbà Botika sílẹ̀.

Àwọn mẹ́ta yẹn gan-an ló ń fún Rakera lẹ́mu. Àwọn yòókù ti gbó, èso ni wọ́n wà fún. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti ọkùnrin náà sí. Tó bá kọrin, ọmọ á jí. Tí kò bá kọrin, ìyá ọmọ ò ní rí ẹmu mu. Lọ́nà méjèèjì, ọkọ̀ ojú omi ń bọ̀.

Rakera ní kó kọrin, tí ọmọ bá jí, òun á gbé e. Teretia ní ṣé kí àwọn máa gbé ọmọ lọ sílé àbúrò òun bí àkókò bá tó. Ilẹ̀ wa tín-ín-rín bí okùn, bí Bureua bá húkọ́ létí ọ̀sà, wọ́n á kí i pẹ̀lẹ́ létí òkun. Níbo lèèyàn máa gbé ọmọ sá sí?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ ti sunkún títí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹ́jú. Bureua dúró nídìí igi, ó fọwọ́ lé e, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó gun ọ̀run. Ó ki ẹsẹ̀ bọ ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n gé sára igi fún àtẹ̀gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ orin náà, ṣùgbọ́n bí ẹni ń gbàdúrà sínú ni.

Ohùn Botika jáde láti inú ọgbà ìwẹ̀. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan o. Ṣé orin nìyẹn àbí ẹ̀fọn?"

Bureua gun igi dé àárín, ó di ojú, ó sì la ẹnu. Teretia o, gbé ìkòkò kaná! Àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi kejì. Ó kọ ọ́ dé òpin bó ṣe ń gun lọ sókè, ó kọ́ ẹsẹ̀ lé imọ̀, ó dákẹ́, ó sì tẹ́tí. Ó ń retí ẹkún.

Ẹkún ò wá. Ó tẹ́tí sí i, ó tẹ́tí sí i. Ìgbà tó dákẹ́ pẹ́ díẹ̀ lẹ́kún wá bẹ̀rẹ̀ lójijì, Rakera sì sáré bọ́ sí gbangba, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ju ọwọ́ kejì sókè. Bureua rò pé ó ń ní kóun dákẹ́ ni.

"Mo ti dákẹ́," ó ké sísàlẹ̀. "Ọmọ mi, má bínú, mo ti dákẹ́."

"Bàbá, ẹ kọ ọ́! Ẹ má dákẹ́! Ẹ tún un kọ!"

Ó kọ ọ́. Láti orí igi ló ti rí i: ẹkún dá dúró bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọmọ náà gbé orí, ó ń wá ibi tí ohùn ti ń bọ̀, ojú rẹ̀ là kedere. Bureua dákẹ́ kó lè mí, ojú ọmọ fà ro. Ó tún kọ ọ́, ojú náà tún là. Rakera jókòó sórí pẹpẹ, ó fi ọmú sí i lẹ́nu, Itinnang sì gbá ọmú náà mú, ó ń mu ún, ó ń mu ún, kò yí orí mọ́.

Teretia ti jáde wá, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ kókò. Ó wo ọmọ, ó wo òkè. "Ah. Ta ló fi orin yẹn bọ́ ọmọ yìí láti inú oyún wá? Ṣebí orí pẹpẹ yìí kan náà ni ìyá rẹ̀ ń dùbúlẹ̀ sí nígbà tó lóyún rẹ̀. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́. Ohùn tó mọ̀ ló ń retí, ẹ wá dákẹ́ fún un. Ẹ̀mí kan ṣoṣo tó fẹ́ràn ohùn yín láyé yìí, Bàbá Rakera, lẹ fi ohùn ọ̀hún dù."

Ẹrù tó ti ń tẹ Bureua mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ti gbé ọmọ sórí ìwọ̀n sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ní láti di igi mú kí òun náà má bá a lọ. Ìgò kan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹmu dà, kò wò ó. Ẹ̀rù ń bà á láti dákẹ́. Ó kọ orin Teretia tán, ó kọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọ ti ìdíje bọ́ọ̀lù, ó kọ èyí tí bàbá rẹ̀ fi ń bú àwọn ará erékùṣù kejì. Oòrùn wọ̀ sọ́sà, ó ṣì wà lókè. Teretia ló wá ké sí i níkẹyìn pé kó fi orúkọ Ọlọ́run sọ̀kalẹ̀, ọmọ ti ń hanrun.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó jókòó ti ọmọ náà. Àwọn ọwọ́ kékeré yẹn, tó máa ń já afẹ́fẹ́, ti dẹ̀ sórí ẹní. Teretia gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ẹja, kókò àti àgbọn híha, ó sì jẹ ẹ́ tán, ó tún nu abọ́. Lálẹ́ yẹn, kò sí nǹkan tuntun nílé wọn: pẹpẹ àná náà ni, ìkòkò àná náà ni, ìyàwó tó ń fi í ṣàwàdà ló tún ń fi í ṣàwàdà. Ó kàn ń wo gbogbo rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà fún lẹ́yìn tí olè ti kó o ni.

Ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi dé, nọ́ọ̀sì gbé Itinnang sórí ìwọ̀n, ó gbé e kúrò, kò tún un gbé. Ó ní kí wọ́n máa gbé ọmọ wọn lọ sílé. Ọkọ̀ náà gbé àgbọn gbígbẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ lọ sí Tarawa, kò gbé Rakera.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń dunni. Àwọn àgbà maneaba ń sọ ọ́ kiri báyìí pé ìdájọ́ àwọn ló wo ọmọ náà sàn. Bàbá Tawita sọ ọ́ létí wa, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ṣé wọ́n mọ̀ ni? Ṣé ẹni tó ju òkúta lu ajá, tí òkúta bá já mángòrò bọ́, ó lè pe ara rẹ̀ ní àgbẹ̀? Kò sí ẹni tó tíì bẹ Bureua. A ti ní kó pè wọ́n padà, kó bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ níwájú òpó bàbá rẹ̀. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ó ní ọmọ òun ń sùn, kí lòun tún ń wá?

Botika ní tirẹ̀ wá. Kò sọ pé ẹ má bínú, irú rẹ̀ kì í sọ ọ́. Ó gbé ẹní kékeré kan tó hun fúnra rẹ̀ wá fún ọmọ, ó tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ, ó sì gbójú sókè wo igi Bureua tó wà lórí ilé ìwẹ̀ rẹ̀, láti ibi tí ọmọ ń sùn sí. Ó wá rí ibi tójú ti ń rí ibo. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Bureua.

"Ẹ máa kọ ọ́ náà," ó ní, "ṣùgbọ́n ṣé orin kan ṣoṣo ló wà láyé ni?"

Bureua sì fi ẹsẹ̀ orin kan kún un fún un. Láàárọ̀, bí ó bá ti pọ́n ọ̀bẹ, Itinnang á ti gbọ́ kíríkírí rẹ̀, á ti máa tapá tasẹ̀ lórí ẹní tuntun kí bàbá rẹ̀ àgbà tó dé ìdí igi rárá. Bureua á húkọ́, á la ẹnu:

Botika o, fa aṣọ bora,
Ojú ti dókè, mi ò jalè.

"Mo ti gbọ́," Botika á dáhùn láti inú ọgbà, omi á sì máa dà ṣàà. "Tọ́mọ yẹn bá fi lè jogún ohùn yìí, Tarawa ni mò ń kó lọ."